Abẹ́rẹ́ Kẹsàn-án

Okùn ìwọ̀n ni mo fi mọ Asimína Kalogrídi:
ìbàdí, àyà, èjìká, gígùn apá,
ogójì ọdún ó lé
nínú ìwé pẹlẹbẹ kan tí epo ti tá sí.

Ọmọ Kavála ni. Ìyá rẹ̀ ń ṣa ewé tábà
nílé ìkẹ́rù tó kọjú sí òkun,
ìka rẹ̀ pọ́n bí irin tó dípẹtà.
Nígbà tí ọmọ ní òun ń lọ ṣe òṣèré,
ìyá kò sunkún, kò bínú.
Ó ní, "Kí o ṣáà máa fọ ọwọ́ rẹ."

Ọdún ebi ni mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, ní Áténì,
tí ọmọ-ogun Jámánì wà lójú pópó.
Ife ẹ̀wà kan ni owó ìjókòó iwájú,
ìdajì ife fún ẹ̀yìn.
Ẹni tó bá gbé òróró ólífì wá,
àwa fúnra wa la ó nu àga fún un.

Ìránṣẹ́ ló ń ṣe.
Á gbé àwo wọlé, á ní, "Ọ̀gá, àlejò dé," á jáde.
Ọdún mọ́kànlá: "Ọ̀gá, àlejò dé."
Thrasívulos, tó ń rán òṣèré létí ọ̀rọ̀
láti inú ihò abẹ́ ìtàgé,
ní òun kan ṣoṣo ni kò yọ òun lẹ́nu rí.

Àfi alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje,
nílé ìṣeré òkúta àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára òkè,
tí ibà dá olú-òṣèré wólẹ̀.
Ta ló mọ ọ̀rọ̀ ayaba sórí?
Ẹni tó ti ń gbé àwo dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé,
tí etí rẹ̀ ti jẹ ìwé náà tán bí ikán.
Aṣọ ayaba gba irú rẹ̀ méjì.
Mo fi abẹ́rẹ́ mẹ́tàdínlógún há a mọ́ ọn lára,
ẹnu mi kún fún abẹ́rẹ́, n kò lè gbàdúrà.

Wọ́n gbé òkú ọmọ ayaba jáde. Ó kúnlẹ̀.
Ó ké.
Ẹyẹ fò lórí igi páìnì.
Bàbá kan lókè pátápátá ṣí fìlà.
Ìwé ìròyìn ní kì í ṣe igbe obìnrin kan,
wọ́n ní ilẹ̀ ló ya ẹnu.

Abẹ́rẹ́ ni.
Ìkẹsàn-án, ní ìhà òsì. Mo rí ojú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí mo ń bọ́ ọ.
Mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo panu mọ́.

Fíìmù ló kàn, márùn-ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan:
ìyá ọkọ, aládùúgbò ojú fèrèsé,
opó tó ń bá òkú ọkọ rẹ̀ jà.
Ìbàdí ń gbòòrò, mo ń tú ojú ìrán.
Nígbà ìjọba ológun, wọ́n fi gègé pupa pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́
títí ó fi ku ikọ́ kan péré.
Ó hú ikọ́ náà. Gbogbo ilé dìde.

Ó ti lé lọ́gọ́rin, a jókòó ní báákónì rẹ̀ ní Kipséli,
mo ní kí n jẹ́wọ́ kí n tó kú.
"Asimína, igbe ọjọ́ yẹn..."
Ó ń bó ọsàn lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.
"Abẹ́rẹ́ ni.
Àbí o rò pé torí o mọ aṣọ rán ni mo ṣe ń mú ọ kiri?"
Ó já ọsàn sí méjì, ó fún mi ní èyí tó kéré.

Lálẹ́ àná wọ́n fi fíìmù rẹ̀ kan hàn ní síníma ìta gbangba.
Àwọn ọmọdé ń pa kóró òdòdó-oòrùn jẹ, wọ́n ń tu èèpo.
Ó gbé àwo wọlé. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ rẹ̀.
Èmi ń wo etí aṣọ rẹ̀ lápá òsì,
ibi tí mo fi ìkánjú rán.
Ó ṣì wọ́.